Ṣé Rosemary Clooney kan náà ló kọ orin méjèèjì yìí? Ẹ bá mi tú u o

Àbẹ̀kẹ́_Etí

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ràn orin àtijọ́. Ìbéèrè kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Come On-a My House" tí Rosemary Clooney kọ ní 1951 ni mo kọ́kọ́ gbọ́, orin yẹn dà bí orin ọmọdé létí mi, ó yára, dùùrù kan ń ta ṣáṣá lẹ́yìn ẹ̀, ohùn ọmọbìnrin yẹn ń dún bí agogo, ó tún wá ń pe èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí kò já gaara lẹ́nu ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní eré ni. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe gbé òmíì wá lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin àgbàlagbà kan ń kọ orin tí Cole Porter, òǹkọ̀wé orin Amẹ́ríkà kan, ṣe, ohùn ẹ̀ ti wúwo, ó há díẹ̀, saksofóònù kan ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, bí ẹni tó jókòó tì mí tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. Mi ò mọ̀gbà tí mo gbé abọ́ tí mò ń fọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo wá wo orúkọ, Rosemary Clooney! Mo ní rárá, orúkọ ló jọra.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn yẹn? Mo wo àwọn àwo ẹ̀, wọ́n pọ̀ bíi yanrìn títí di nǹkan bí 1963, lẹ́yìn ìyẹn ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ gbé e mì, ó wá tún yọ ní 1977. Àwọn kan ń pè é ní olórin pop, àwọn kan ní jazz ni. Èwo ni ká mú? Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ o, mi ò mọ orin kà, etí nìkan ni mo ní.

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Àbẹ̀kẹ́, o káre, ìbéèrè gidi lo bèèrè. Ẹnì kan náà ni o.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ torí tó ò bá mọ ibi tó ti wá, ìyókù ò ní yé ẹ. Maysville ni wọ́n bí i sí, ìlú kékeré kan létí odò Ohio ní ìpínlẹ̀ Kentucky, May 23, 1928. Ilé wọn ò tòrò rárá. Bàbá ń mutí, ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ gbélé, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni àwọn ọmọ ti ń balẹ̀ jù. Nígbà tó yá ìyá kó lọ sí California, ó mú Nick ọmọkùnrin ẹ̀ dání, ó fi Rosemary àti Betty àbúrò ẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá, bàbá náà tún bá tiẹ̀ lọ. (Nick yẹn ló bí George Clooney tẹ́ ẹ mọ̀ nínú fíìmù, torí náà ẹ̀gbọ́n bàbá George ni Rosemary ń ṣe.) Àwọn ọmọbìnrin méjì wá ku àwọn nìkan, ni wọ́n bá wọkọ̀ lọ sí Cincinnati ní 1945, wọ́n kọrin fún rédíò WLW kí wọ́n fi dán wọn wò, wọ́n sì gbà wọ́n síṣẹ́, dọ́là 20 lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Rosemary ò tíì pé ọmọ ogún ọdún o.

Láti ibẹ̀ ni báǹdì Tony Pastor ti gbà wọ́n. Arákùnrin ìyá wọn kan ló ń tẹ̀ lé wọn kiri nínú bọ́ọ̀sì káwọn ọkùnrin má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Ibi tí mo fẹ́ kó o fi ọkàn sí nìyí: báǹdì oníjó ni báǹdì yẹn. Olórin tó bá pẹ́ sẹ́yìn ìlù, àwọn tó ń jó á ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọ̀gá báǹdì á sì fojú bá a sọ̀rọ̀. Ìlú tuntun lóròòru, máíkì tó ń ṣe hòhò, kò sí pé inú ń run mí. Àwọn kan lọ sí yunifásítì orin, bọ́ọ̀sì yẹn ni yunifásítì tiẹ̀. Ó ṣe é títí di 1949, Betty padà sílé, òun wá dá dúró pẹ̀lú Columbia, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù.

Orin 1951 tó o gbọ́ yẹn, òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ ẹ! Mitch Miller ni ọ̀gá tó ń yan orin fún àwọn olórin Columbia nígbà yẹn, orin tó bá ti ní nǹkan àrà nínú, tí èèyàn máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò ní gbàgbé, ìyẹn ló ń wá. Rosemary ní orin náà ò mọ́gbọ́n wá, ó lóun ò kọ ọ́, Miller ní tí kò bá yọjú sí sítúdíò lọ́la kó gbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Ó yọjú. William Saroyan òǹkọ̀wé àti ìbátan ẹ̀ Ross Bagdasarian ló ṣẹ̀dá orin náà, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Armenia tó wà ní Amẹ́ríkà, Bagdasarian yìí náà ló padà dá Alvin àti àwọn Chipmunks ẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹranko inú eré àwòrán tó ń kọrin, ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó ń ta ṣáṣá létí ẹ kì í ṣe dùùrù tá a mọ̀ o, harpsichord ni, dùùrù ayé ìjọ́hun tó jẹ́ pé bó o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ni nǹkan inú ẹ̀ á ta okùn bí ìgbà tí wọ́n ń ta gìtá. Stan Freeman ló tẹ̀ ẹ́. Ohùn bí ará Ítálì tó fi kọ ọ́ yẹn, àwàdà ni, Irish ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀.

Orin yẹn tà bí nǹkan míì. Ó gba ipò kìíní, kí ọdún tó parí kò sẹ́ni tí ò mọ orúkọ ẹ̀, nígbà tó di 1953 àwòrán ẹ̀ ti wà lójú ìwé ìròyìn Time. Ní 1954 ó gbé àwo kan jáde, "Hey There" lójú kan, "This Ole House" lójú kejì, ojú méjèèjì gba ipò kìíní. Mo ní ọ̀kan nílé, ó ti há díẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò lè tà á.

OníBebop

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ìtàn dùn. Àmọ́ ká má fi ìfẹ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ "Mambo Italiano", orin àwàdà bíi ti 1951 yẹn, kì í ṣe olórin jazz, jàre. Jazz ni Ella Fitzgerald, jazz ni Sarah Vaughan, àwọn tó máa gba orin kan lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹ̀rọ, wọ́n á tún un tò lójú ẹ, kò ní bá ti àná mu. Rosemary ń kọ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohùn ẹ̀ dáa, ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu ẹ̀ kedere, mo gbà. Pop ni. Kì í ṣe èébú o, pop tó dáa ni.

Dídùn_Ohùn

OníBebop, mo ti mọ̀ pé wàá wá. O gbàgbé àwo kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ 1956. Duke Ellington, ọ̀gá báǹdì jazz, àti báǹdì ẹ̀ wà ní New York. Rosemary wà ní California, ó lóyún ọmọ ẹ̀ kejì, oyún yẹn sì ń fìyà jẹ ẹ́, kó tó jí èébì ti dé, kò lè rin ìrìn àjò kankan. Kí ni wọ́n ṣe? Ellington gba ohùn báǹdì sílẹ̀ ní New York láìsí olórin níbẹ̀, wọ́n fi àyè ohùn sílẹ̀, Billy Strayhorn tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Ellington wá gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá a, Rosemary fi headphone bo etí, ó kọrin lé e lórí, Strayhorn dúró tì í. Lóde òní gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọdé gan-an ń ṣe é lórí fóònù, àmọ́ ní 1956 nǹkan àrà ni. Ẹ gbọ́ àwo náà, *Blue Rose* lorúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ mọ̀ pé wọn ò sí nínú yàrá kan náà.

Ẹ ronú sí i wò. Báǹdì tó ti kọjá lọ ò lè dúró dè ẹ́. Tó o bá fa ọ̀rọ̀ kan gùn jù, Johnny Hodges onísaksofóònù Ellington ò ní rí ojú ẹ kó mọ̀ pé o ò tíì ṣe tán, ó ti fọn tiẹ̀ lọ. Ẹni tí àsìkò ti wọ̀ lára nìkan ló lè ṣe irú ẹ̀ kó má dà bí ẹni ń sáré lé bọ́ọ̀sì. Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ gan-an, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀, ohùn lásán ló gbé e láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé òun náà jẹ́ fèrè kan láàárín àwọn fèrè Ellington. Ó dáa, kì í ṣe scat, ìyẹn kéèyàn máa fi ohùn lásán dá orin tuntun lójú ẹsẹ̀. Kí ni wàá wá pè é?

OníBebop

Haa. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí. Ẹ fún mi láyè kí n lọ gbọ́ ọ ná. Àmọ́ àwo kan kì í sọ èèyàn di oníjazz o, mo ṣì dúró síbi tí mo wà.

Àbẹ̀kẹ́_Etí

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun àǹtí Dídùn. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ ibi tó lọ. 1963 sí 1977, ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ṣé àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo, mo mọ̀ọ́mọ̀ sáré fò ó ni.

Ó fẹ́ José Ferrer ní 1953, òṣèré ńlá, ọmọ Puerto Rico, wọ́n bí ọmọ márùn-ún láàárín 1955 sí 1960. Ẹ ṣírò ẹ̀ o, ọmọ márùn-ún, fíìmù, ètò tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ fúnra ẹ̀, àwo lórí àwo, ọkọ tí ojú ẹ̀ kì í gbélé. Wọ́n tú ká ní 1961, wọ́n tún fẹ́ra wọn ní 1964, wọ́n tún tú ká ní 1967. Oògùn orun wọ inú ẹ̀, oògùn tó ń mú ara balẹ̀ tẹ̀ lé e, nígbà tó yá kò lè ṣe láìlo wọn. Ayé orin náà sì ti yí padà, rock ló gba ìgboro, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ò ráyè irú orin tiẹ̀ mọ́, kì í ṣe òun nìkan o, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló kan.

Ó wá di June 1968. Robert Kennedy ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, Rosemary jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, ó ń bá a polongo kiri. Ó wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles lóru tí wọ́n yìnbọn fún un. Ọkàn ẹ̀ ò gbà á, ṣe ló ń sọ fáwọn èèyàn pé kò kú, pé wọ́n gbé e pamọ́ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, lórí ìtàgé ní Reno, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó wá wòran, ó bínú kúrò lórí ìtàgé, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń ṣe ló gbà á lálejò lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ bá dókítà ọkàn. Òun fúnra ẹ̀ ló padà sọ ọ́ síta nínú ìwé tó kọ nípa ayé ẹ̀, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì jẹ́ ohun ìtìjú fún olókìkí.

Nígbà tó kọ́kọ́ dìde, inú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń kọrin, àwọn tó ń jẹun ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ṣe ìpolówó bébà ìnuwọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí Time gbé sójú ìwé! Ó ṣe é, ó gbowó ẹ̀, ọmọ márùn-ún kọ́ la fi ń ṣeré.

Bing Crosby, olórin àti òṣèré, ló nawọ́ sí i ní 1976. Wọ́n ti jọ ṣe fíìmù *White Christmas* ní 1954, Bing wá ń ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó wá bá òun lọ, wọ́n dé gbọ̀ngàn eré London Palladium. Ọdún yẹn náà ni Betty àbúrò ẹ̀ kú lójijì, iṣan inú ọpọlọ ló bẹ́.

Orí_Ìtàgé

Ẹ jẹ́ n já lu ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n, torí ẹ dárúkọ *White Christmas*. Ẹni tó bá ra àwo fíìmù yẹn nígbà náà kò ní gbọ́ ohùn Rosemary nínú ẹ̀! Columbia ló ni kọ́ńtíráàtì ẹ̀, Decca, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù míì, ló sì ń ṣe àwo náà, Columbia ò yọ̀ǹda, Peggy Lee ni Decca wá lò dípò ẹ̀. O rí i lójú fíìmù, o gbé àwo délé, ẹlòmíì lo gbọ́. Rosemary wá lọ kọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún Columbia. Ó tán, mo ti lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Etí

Yéè. Mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí. Nígbà tó wá padà dé, kí ló ṣe ohùn yẹn? Torí èmi ò purọ́, ohùn 1951 mọ́ jù, ó lágbára jù, àmọ́ ti àgbà yẹn ló mú mi. Kò yé mi bí ohùn tó ti rẹ̀ ṣe lè dùn ju èyí tó pé lọ.

Dídùn_Ohùn

Ó dáa tó o bèèrè, torí mo ń kọrin díẹ̀díẹ̀, mo sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́ àwo Cole Porter ẹ̀ ti 1982 yẹn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo ń dá a dúró, mo ń dá a padà, títí wọ́n fi ní kí n pa á.

Ní 1977 ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Concord Jazz gbà á. Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ yẹn, Carl Jefferson, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń tà ní ìlú Concord ní California kó tó bẹ̀rẹ̀ àwo, orin tóun fúnra ẹ̀ fẹ́ gbọ́ ló ń gbé jáde. Kò ní kó kọ orin tó wà lóde, kò ní kó fi ohùn ṣe ará Ítálì. Ó kó báǹdì kékeré tì í lẹ́yìn, Scott Hamilton tí kò tíì pé ọdún 25 nígbà yẹn lórí saksofóònù, Warren Vaché onífèrè dara pọ̀ nígbà tó yá, Jefferson ní kí Rosemary máa kọ orin tó bá wù ú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo kan lọ́dún, bóyá wọ́n tiẹ̀ máa ń ju ìyẹn lọ nígbà míì, nìyẹn títí ó fi kú. Porter, Arlen, Berlin, àwọn òǹkọ̀wé orin Amẹ́ríkà, ó ń mú orin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohùn wá ńkọ́? Ó ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara ti wúwo, èémí ti kúrú. Ní 1951 ó lè gbé gbólóhùn gígùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí èémí kan. Nígbà tó dàgbà kò lè ṣe é mọ́, ó ní láti mí láàárín. Ẹ wá tẹ́tí sí ibi tó ti ń mí. Kì í ṣe ibi tí ìwé orin ti ní kó mí. Ibi téèyàn á ti dánu dúró ni, ká ní ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́ sọ fún ẹnì kan tí kò sì dá a lójú bóyá kó sọ ọ́ tán. Á mí, á dúró bíńtín, ọ̀rọ̀ tó kàn á wá jáde bí ẹni pé ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ohùn tí kò lè fà mọ́, kì í bá a jìjàkadì, á já a sílẹ̀ kúkurú, Scott Hamilton á sì rọra wọ àyè yẹn. Wọ́n rẹ kíì orin, ìyẹn ìpele ohùn ẹ̀, sílẹ̀ kó lè máa kọrin níbi tí ohùn ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ìgbọ̀nrìrì inú ohùn náà dín kù. Ó sì máa ń dé lẹ́yìn ìlù bíńtín, bí àgbà tó ń bọ̀ tí kò sáré, tó sì mọ̀ pé wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ láìsí òun.

Ìyẹn lèmi ń pè ní jazz. Kò tú orin palẹ̀ bíi ti Ella lóòótọ́. Ohun tí Rosemary ń dá lára ni àsìkò, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn orin kan náà, àmọ́ ìgbà tó máa dé sórí ẹ̀ lo ò mọ̀. Àwọn orin Porter àti Berlin yẹn náà, orin tíátà àti fíìmù ni wọ́n, òun ni oníjazz ń kọ, òun náà ni olórin pop ń kọ, ilé kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

OníBebop

Mo ti gbọ́ *Blue Rose* lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní sọ pé ẹ borí o. Àmọ́ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbàgbé pé mò ń wá àṣìṣe. Ti ìgbà àgbà yẹn, mo gbọ́ méjì, mo ṣì ní pop ni, àwọn oníjazz ló yí i ká. Ẹ̀rí mi ni pé ìdíje Grammy tí wọ́n máa ń fi í sí ní àwọn ọdún 1990 yẹn, abẹ́ pop àtijọ́ ni, kì í ṣe abẹ́ jazz.

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Àwọn tó fi í sábẹ́ ẹ̀ náà ni wọn ò fún un ní ọ̀kan rí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n pè é wá jókòó, ẹlòmíì á gbé e lọ. Ìgbà tó di 2002 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti mú un ni wọ́n tó fún un ní ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀. June 29 ọdún yẹn ló kú ní ilé ẹ̀ ní Beverly Hills, ẹni ọdún 74, wọ́n gbé e padà sí Maysville lọ sin. Torí náà má fi Grammy jẹ́rìí fún mi, OníBebop, mo bẹ̀ ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, kó má jẹ́ ẹkún nìkan lo máa gbé lọ. Ọkùnrin oníjó kan wà, Dante DiPaolo, tí wọ́n jọ ń fẹ́ra kó tó di pé ó fẹ́ Ferrer. Ní 1973 Rosemary ń wakọ̀ lọ, iná ojú títì dá a dúró, ó wẹ̀gbẹ́, Dante ló wà nínú ọkọ̀ kejì! Kí iná tó yí padà ó ti kígbe nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sí i, Dante ò ní bírò, inú eruku tó wà níwájú ọkọ̀ ẹ̀ ló fi ìka kọ ọ́ sí. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Maysville ní 1997, ìyàwó ti lé lọ́mọ ọdún 69.

Àbẹ̀kẹ́_Etí

Ẹ̀gbọ́n, eruku yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ká ní ó fọ ọkọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́!

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn àlàyé àǹtí Dídùn mo padà sí ti 1951 yẹn, orin tí kò fẹ́ kọ. Mo pa ojú dé, mi ò tẹ̀ lé harpsichord mọ́, ohùn ẹ̀ nìkan ni mò ń tẹ̀ lé. Ibì kan wà tí gbogbo nǹkan ń sáré, tí òun nìkan fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bíńtín kó tó mú un, ó kéré gan-an, ẹ lè má gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá ń rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà inú àwo Cole Porter yẹn ni mo gbọ́ níbẹ̀. Mo ti pè é ní ọmọdé láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sì jẹ́ ọmọdé.

Àǹtí, ẹ sọ fún mi, nínú ti Arlen àti ti Berlin, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Dídùn_Ohùn

Arlen. Pa iná kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì fọ abọ́ ẹ tán o.